Màálù Tí Ń Jẹ́ Wọlé

Ní ọdún tí mo ń wí yìí, odó ilé wa kò dún. Ẹni tí kò bá gbé agbègbè wa rí lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ní Ìlọ́fà, nígbà tí mo wà ní kékeré, ìró odó ni a fi ń mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Ìyá mi á gún tiwọn, ilé kejì á gbà á, ilé kẹta á gbè é, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún kì, kì, kì, bí ẹni pé ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bọ̀ wá kí wa. Lọ́dún náà òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó tan àwọn bàbá wa gbin iṣu, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Iṣu hù, ó fà, ó wo òkè títí, ó sì gbẹ mọ́ ara ọ̀pá tí wọ́n fi gbé e dúró. Kó tó di pé ọdún yí, a ti jẹ èbù tó yẹ ká gbìn, a ti jẹ àgbàdo tí a so sókè àjà, a sì ti ń wú iṣu igbó tó máa ń yún ni lọ́nà ọ̀fun bí ẹni gbé irun mì. Àwọn odó wà lábẹ́ igi ọsàn, wọ́n dojú dé, adìẹ ń gun orí wọn. Títí di òní, bí mo bá wọ ilé kan tí mi ò gbúròó nǹkan kan láti ẹ̀yìnkùlé wọn, inú mi kì í balẹ̀ títí n ó fi rí i pé èéfín ń jáde.

Àwa tí a wà nínú ilé kò pọ̀ nígbà náà. Bàbá mi ti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Ìlọrin lọ wá iṣẹ́ ṣe. Bàbá àgbà mi ló kù pẹ̀lú wa, ẹni tí ó kéwú ní Ìlọrin nígbà èwe rẹ̀, tí ó sì ti ibẹ̀ gbé láwàní kan bọ̀ wálé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sí ẹni tó mọ òfin tó òun ní gbogbo Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ni ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Yèyé kò rìn kọjá odò àti oko rí, ṣùgbọ́n Bàbá àgbà kò sọ ohun kan rí tí Yèyé kò fèsì. Lẹ́yìn wọn ni ìyá mi, èmi Àṣàkẹ́, àti àbúrò mi ọkùnrin, Àlàó, tí wọ́n bí láàárín ìyàn náà gan-an. Ebi ti mú kí ọmú ìyá mi gbẹ. Àlàó á fà á, á fà á, á sì gbójú sókè wo ìyá mi bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ẹkún rẹ̀ ti kéré títí ó fi dà bí ti ọmọ ológbò, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kan báyìí, mo rí i tí Yèyé dúró sí ẹnu ọ̀nà, tí ó ń fetí sílẹ̀ bóyá ó ṣì ń sunkún.

Obìnrin Fúlàní kan wà tí ó máa ń gbé wàrà wá fún wa láti pààrọ̀ ẹ̀lùbọ́. Hàwáù ni orúkọ rẹ̀. Òun àti Yèyé ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí wọn kò tíì bí mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Hàwáù kò gbọ́ Yorùbá ju gbólóhùn mélòó kan lọ, tí Yèyé kò sì gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè Hàwáù. Wọn á jókòó lábẹ́ igi ọsàn, èyí á sọ tirẹ̀, èyí á sọ tirẹ̀, wọn á jọ mi orí, wọn á jọ bú sẹ́rìn-ín. Mo bi Yèyé nígbà kan pé kí ni Hàwáù wí. Ó ní, “Ó ní ọkọ òun kì í gbọ́ràn.” Mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀. Ó ní, “Kí ni ó tún fẹ́ máa wí?”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan Hàwáù dé láìgbé igbá sórí. Ọkọ rẹ̀ àti gbogbo agbo wọn ń kọjá lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí wọ́n gbọ́ pé omi ṣì kù, ṣùgbọ́n màálù kan tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ti fi ẹsẹ̀ rọ́ ní ojú ọ̀nà, ó ń tiro, ọmọ rẹ̀ kékeré sì ń tẹ̀ lé e. Hàwáù wọ ilé tààrà, ó wo Àlàó lórí ẹsẹ̀ ìyá mi, ó fi ìka gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ bá Bàbá àgbà.

Ó ní, “Màlúù yìí, ẹsẹ̀ dùn ún. Kò lè rìn. Ẹ mú. Ọmọ mu wàrà. Òjò rọ̀, mo wá.”

Bàbá àgbà ní, “Èló ni?”

“Kò sí èló.”

“Kí ni ẹ fẹ́ gbà?”

“Kò sí gbà.”

Bàbá àgbà wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tí ń wá ibi tí wọ́n fi ẹ̀tàn pamọ́ sí. Hàwáù wá fi ọwọ́, ẹnu àti ojú ṣàlàyé títí ó fi yé wa: láàárín àwọn, ẹni tó ní a máa yá ẹni tí kò ní ní màálù, kó máa fún wàrà rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ mu, bí ilẹ̀ bá sì tutù, a fà á padà fún ẹni tó ni ín. Ìtìjú ni fún wọn kí aládùúgbò máa sin ọmọ nígbà tí wàrà ń bẹ. Bàbá àgbà ní òun kò rí èyí nínú ìwé kankan. Yèyé ní kó fi ìwé sílẹ̀, kó lọ wá okùn.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Hàwáù fi dúró tì wá kó tó lé agbo wọn bá, kó lè kọ́ wa bí a ti ń fún wàrà. Ibẹ̀ ni ìjà ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Bàbá àgbà gbé láwàní rẹ̀ wọ̀, ó dúró ní àárín àgbàlá, ó ní òfin wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. “Màálù yìí bímọ,” ó ní. “Ẹni tó bá bímọ ti ní ọkọ. Mo rí ọkọ rẹ̀ nígbà tí agbo ń kọjá, ìwo rẹ̀ gùn tó apá mi. Ọkùnrin kankan nínú ilé mi kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmú aya aláya.”

Yèyé ní, “Ọkùnrin wo ló tún wà nínú ilé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin àti Àlàó? Àlàó ló sì fẹ́ mu ún.”

Bàbá àgbà ní ti Àlàó yàtọ̀, ọmọdé ni. Yèyé wá káwọ́ aṣọ rẹ̀, ó lóṣòó sábẹ́ màálù. Hàwáù kọ́ wa pé ọmọ màálù ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á, kí ìyá rẹ̀ lè gbà pé òun ni wọ́n fẹ́ fún, lẹ́yìn náà kí á fà á kúrò kíákíá. Èmi ni wọ́n fún ní iṣẹ́ àtifà á kúrò. Ọmọ màálù náà lágbára jù mí lọ fíìfíì. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ ó wọ́ mi yí ilé ká lẹ́ẹ̀mejì, ìyá mi ń sáré tẹ̀ lé mi pẹ̀lú Àlàó lẹ́yìn, Yèyé sì ń pariwo lábẹ́ màálù pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ìyá ọmọ, ẹ má bínú, ẹ dúró díẹ̀!” Nítorí Yèyé kò jẹ́ pe màálù náà ní ìwọ. Ó ní ìyá ọlọ́mọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òun. Wàrà tó kọ́kọ́ tú jáde bà á lójú, èkejì bà á ní imú, nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń dún sínú igbá bí òjò tí a kò rí.

Wàrà dídì nìkan ni a mọ̀, èyí tí a ń jẹ bí ẹran. Èyí tó gbóná jáde láti ara ẹranko, tó ń hó, ẹ̀rù rẹ̀ bà wá. Yèyé sè é, ó kọ́kọ́ mu ún, ó sì jókòó síta títí di ọ̀sán kí gbogbo wa lè rí i bóyá òun á kú. Kò kú. Ó gbé àgé omi, ó lọ sódò, ó bọ̀. Ìyá mi wá fi òwú tí wọ́n rì bọ wàrà sí Àlàó lẹ́nu. Ó fa òwú náà títí ó fẹ́ẹ̀ gbé e mì. Lẹ́yìn náà ó sùn. Ó ti pẹ́ tí ọmọ náà ti sùn bẹ́ẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ dẹ́rù bà wá, ìyá mi sì jí i wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà kẹta ó bínú, ó sì ké tòò. Bí ìyá mi ṣe gbọ́ igbe gidi yẹn, ó bú sẹ́kún. Yèyé ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ sùn, kí màálù náà sinmi, kí olúkúlùkù sì wá iṣẹ́ ṣe.

Orúkọ màálù náà ni ó dá wàhálà sílẹ̀. Hàwáù sọ orúkọ náà fún wa kó tó lọ, ọ̀rọ̀ kan ní èdè wọn ni, ó ní àwọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fi pè é, ṣùgbọ́n bó ṣe bọ́ sí wa létí ni “Wọlé.” A ní ṣé Wọlé ni? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Màálù náà kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn láyé. Bí o bá ní kó dìde, kò ní dìde, bí o bá ní kó kúrò lójú ọ̀nà, á máa wò ọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, á gbé etí sókè, á sì máa bọ̀ wá bá ẹni tó pè é, ibi yòówù kó wà. Ẹ sì mọ̀ pé ilé Yorùbá ni ilé wa. Ẹnikẹ́ni tó bá yọjú, a óò ní kó wọlé ni.

Ẹni àkọ́kọ́ tí ọ̀ràn náà kàn ni ìyàwó alágbẹ̀dẹ, tí ó wá yá iná. Ìyá mi ní, “Ẹ wọlé, ẹ jókòó.” Kí ìyàwó alágbẹ̀dẹ tó gbé ẹsẹ̀, màálù ti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ti wà láàárín iyàrá, ó ń gbóòórùn ẹni. Obìnrin náà fi iná sílẹ̀, ó sá. Ìṣòro kejì ni bí a ó ṣe mú un jáde. “Jáde” kò yé e. A tì í, a fà á. Nígbà tó yá, Yèyé ronú kan ọgbọ́n kan: ó bọ́ síta, ó dúró ní àárín àgbàlá, ó sì ń pariwo sí inú ilé pé, “Wọlé o! Wọlé!” títí màálù fi jáde wá bá a. Àwọn tó ń kọjá dúró, wọ́n ń wo arúgbó kan tó dúró sí ìta nínú oòrùn, tó ń pàṣẹ pé kí èèyàn wọlé, tí màálù sì ń jáde. Wọ́n ní ebi ti da orí ìyá náà rú. Láti ọjọ́ yẹn Bàbá àgbà fi òfin de ọ̀rọ̀ náà nínú ilé wa. Bí àlejò bá dé, a ó ní, “Ẹ bọ́ sábẹ́ òrùlé,” tàbí, “Ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kọjá sí ìhín.” Àwọn èèyàn ń lọ sọ káàkiri pé ilé wa ti gbéraga, pé a kò gba àlejò bí àwọn bàbá wa ṣe ń gbà á mọ́.

Wọ́n ń wá, síbẹ̀síbẹ̀, nítorí orí Àlàó. Ìròyìn ti kàn pé ọmọ kan ń mu ọmú màálù, àwọn àgbà obìnrin sì ti pinnu láàárín ara wọn pé kò ní pẹ́ tí ìwo á fi hù sí i lórí. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń dé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú wọn kún fún àánú. “Ẹ jẹ́ n fọwọ́ kan orí ọmọ yìí.” Ìyá mi á gbé e kalẹ̀, wọn á fi ìka wá iwájú, wọn á wá ìpàkọ́, wọn á ní, “Kò tíì yọ,” wọn á sì lọ. Ní ọjọ́ kan Àlàó ti orí ẹní yí lu ẹsẹ̀ àpótí, orí rẹ̀ sì wú díẹ̀. Ìyàwó alágbẹ̀dẹ fọwọ́ kan ibẹ̀, ó fi igbe ta. Kó tó di ọ̀sán, àgbàlá wa kún. Bàbá àgbà ní láti jáde sí wọn, ó ní òun ti wo ibẹ̀ fúnra òun, ìwo ẹyọ kan kì í hù sí ẹ̀gbẹ́ etí, bí ó bá jẹ́ ìwo ni, wọn ì bá jẹ́ méjì. Ọ̀rọ̀ náà tẹ́ wọn lọ́rùn. Èmi tí mo wà níbẹ̀ kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti ń mu díẹ̀ nínú wàrà náà ní ìkọ̀kọ̀, ẹ̀rù orí ti ara mi sì ń bà mí. Mo máa ń fọwọ́ wá a kí n tó dìde láràárọ̀. Ẹ má rò pé mi ò wá a rí lẹ́yìn tí mo dàgbà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Màálù ń mu omi ju gbogbo wa lọ. Odò wa ti di iyanrìn, àwọn obìnrin á gbẹ́ ihò sínú rẹ̀, wọn á jókòó, wọn á máa fi akèrègbè kékeré bu èyí tó bá sun. Èmi àti ìyá mi á dúró láti àfẹ̀mọ́júmọ́ títí oòrùn á fi kanrí kí ìkòkò kan tó kún, Wọlé á sì gbé e mu lẹ́ẹ̀kan, á tún máa wo ẹnu ìkòkò. Ní ọjọ́ kan Bàbá àgbà jókòó, ó ń ṣe àlùwàlá pẹ̀lú kẹ́tùlù omi rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, ó sì rí màálù náà tó dúró, tó ń wò ó. Ó wẹ ọwọ́ kan. Màálù ń wò ó. Ó gbé kẹ́tùlù kalẹ̀, ó tì í sí i níwájú. Láti ọjọ́ náà títí òjò fi rọ̀, iyanrìn ni Bàbá àgbà fi ń ṣe àlùwàlá. Ó ní òfin gbà á láàyè fún ẹni tí kò rí omi. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè pé ṣebí ó ní omi, ó ní, “Màálù ló ní in.” Gbogbo ayé ni ó sì sọ fún, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, pé òun ni òun ń jìyà jù nínú ọ̀rọ̀ màálù yìí.

Oúnjẹ rẹ̀ náà tún ńkọ́? Nígbà tí pòpórò àgbàdo tán, tí koríko igbó jó tán, Wọlé gbójú sókè, ó sì rí òrùlé wa. Koríko bẹẹrẹ ni wọ́n fi bo ó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ní ibi tí òrùlé ti rọ̀, díẹ̀díẹ̀, ó ń yí ilé ká. Ní oṣù kejì, ilé wa ti dà bí ẹni tí wọ́n gé irun rẹ̀ sókè etí. Bàbá àgbà kọ́kọ́ lé e, lẹ́yìn náà ó wo Àlàó tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún, ó ní òjò kò sí, kí ni òrùlé ń ṣe.

Inú èyí ni a wà tí ìròyìn fi dé pé ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kan ń rìn kiri àwọn ìlú, ó ń wo bí ọ̀dá ṣe ṣe wá sí, ó ti kúrò ní Òsì, ó sì ń bọ̀ ní ọ̀nà Odò-Ọwá. Baálẹ̀ àdúgbò wa, ọkùnrin sànmọ̀nrí kan tó fẹ́ràn kí nǹkan ní ẹ̀yẹ, wá bá Bàbá àgbà. Ó ní a kò lè fi ọwọ́ òfo gba òyìnbó. Ewúrẹ́ ti tán, adìẹ ti di egungun, màálù kan ṣoṣo ló kù ní àdúgbò.

Bàbá àgbà ní, “Baálẹ̀, ọkùnrin náà ń bọ̀ wá wo ebi wa. Bí ẹ bá pa màálù fún un, ebi wo ni yóò rí?”

Baálẹ̀ ní, “Ebi tó ní ẹ̀yẹ ni yóò rí.”

“Màálù náà kì í ṣe tèmi. Wọ́n yá mi ni.”

“Nígbà tí àwọn tó ni ín bá dé, a ó bá wọn sọ ọ́.”

“Ọmọ ń mu ún.”

Baálẹ̀ wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú ju ti ọmọ kan lọ, ó sì dìde.

Ọjọ́ tí ajẹ́lẹ̀ máa dé, ọkùnrin méjì tó sígbọnlẹ̀ dé láti ilé Baálẹ̀. Bàbá àgbà wà ní mọ́sálásí, Yèyé àti ìyá mi wà lódò, èmi nìkan ló wà nílé pẹ̀lú Àlàó. Wọ́n fi okùn sí màálù lọ́rùn, wọ́n fà á, ó dúró gbagidi. Wọ́n tì í, wọ́n gbé ìrù rẹ̀, ó ń jẹ òrùlé lọ. Mo ń wò wọ́n, inú mi ń dùn. Ọ̀kan nínú wọn wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Àṣàkẹ́, ọmọ dáadáa, báwo ni ẹ ṣe ń pè é?” Wọ́n ti kọ́ mi pé bí àgbà bá bi mí ní nǹkan, kí n dáhùn. Mo dáhùn. Ó dìde, ó ní, “Wọlé,” màálù sì tẹ̀ lé e jáde bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé bàbá rẹ̀ lọ sí oko, ọmọ màálù ń fò tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Mo ti ṣe àṣìṣe púpọ̀ láyé mi láti ìgbà náà, òmíràn tóbi ju èyí lọ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo ṣì ń gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀ bí ti ọjọ́ yẹn.

Nígbà tí Yèyé dé, mo ti sunkún títí ohùn mi ti há. Mo jẹ́wọ́. Mo dúró de ìgbátí. Yèyé kò gbá mi. Ó sọ omi kalẹ̀, ó gbé igbá wàrà, ó ní, “A kò tíì fún un ní òní. Wá di ọmọ rẹ̀ mú fún mi.”

Ilé Baálẹ̀ kún fọ́fọ́. Wọ́n ti so Wọlé mọ́ èèkàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọkùnrin kan sì ń pọ́n ọ̀bẹ, nítorí Baálẹ̀ fẹ́ kí òyìnbó rí ẹran náà láàyè kí wọ́n tó pa á, kó lè mọ bó ṣe tóbi tó. A kò tíì dé ìdí màálù tí ariwo fi sọ pé ajẹ́lẹ̀ ti dé. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹṣin, ògbufọ̀ kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Baálẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú agbádá rẹ̀ ńlá. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó sì fi gbogbo ohùn tí Ọlọ́run fún un kígbe pé:

“Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ wọlé! Ẹ wọlé!”

Ilẹ̀ ti gbẹ di ẹ̀tù. Èèkàn kò bá okùn jà rárá. Wọlé fà á tu, ó wọ́ ọ tẹ̀ lé ara rẹ̀, ó gba àárín Baálẹ̀ àti ajẹ́lẹ̀ kọjá, ó sì wọ inú ilé.

Baálẹ̀ ní, “Ta ló ní kó wọlé?”

Màálù gbọ́, ó gbà pé wọ́n tún pè é, ó bọ́ sórí ẹní tuntun tí wọ́n tẹ́ fún àlejò.

Ògbufọ̀ ní, “Ajẹ́lẹ̀ ní kí ni èyí tó kọ́kọ́ wọlé yìí?” Màálù yí ojú sí ògbufọ̀.

“Ẹ sọ fún un pé a ò pè é kó wọlé! Kò yẹ kó wọlé!”

Màálù yí padà sí Baálẹ̀, ó sì gbé orí lé e láyà. Mo kígbe láti ẹ̀yìn Yèyé pé, “Ẹ má pe wọlé mọ́!” Gbogbo ilé dákẹ́. Ibẹ̀ ni a ti gbọ́ ìró kan, tò, tò, tò. A kò fún wàrà rẹ̀ láti àná, ọmú rẹ̀ ti kún, ó sì ń kán sórí ẹní tuntun Baálẹ̀. Òyìnbó na ìka sí i. Ó sọ nǹkan kan, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀.

Ògbufọ̀ ní, “Ó ń béèrè bóyá wàrà nìyẹn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti mu ún tútù kẹ́yìn.”

Yèyé kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó káwọ́ aṣọ, ó lóṣòó sórí ẹní náà, mo ti ọmọ màálù wọlé, mo fà á kúrò, wàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú igbá láàárín ilé Baálẹ̀, lójú gbogbo àgbà. Ajẹ́lẹ̀ gbé igbá náà, ó mu ún tán, ìhó funfun dúró sí irun òkè ètè rẹ̀, ó di ojú, ó sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ tí a rò pé ó ti sùn. Nígbà tó la ojú, ó bi Yèyé bí màálù ṣe dé ọwọ́ rẹ̀. Yèyé sọ fún un nípa Hàwáù, nípa Àlàó, ó tilẹ̀ sọ ti orí Àlàó pé kò sí ìwo níbẹ̀. Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀, ó gùn díẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ wá yíjú sí Baálẹ̀, ó ní òun ti rin ìlú púpọ̀ tí òun ń béèrè ohun tí a lè ṣe fún àwọn ọmọdé nínú ọ̀dá, ìyá yìí ni ẹni àkọ́kọ́ tó ti ń ṣe é. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ pa màálù náà, kó wá sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ọkùnrin tó ń pọ́n ọ̀bẹ fi ọ̀bẹ sí abẹ́ aṣọ.

Ohun kan tó kù nínú rẹ̀ ni pé ajẹ́lẹ̀ rò pé àṣà wa ni kí màálù kọ́kọ́ wọ ilé kí àlejò tó wọ̀ ọ́. Fún ìyókù ọjọ́ náà, ilé tí wọ́n bá mú un dé, á ṣí fìlà, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á máa dúró de màálù. Àwọn àgbà fẹ́ ṣàlàyé fún un, ògbufọ̀ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti sú òun. Wọ́n ní láti wá yá Wọlé lọ́wọ́ Yèyé, kó máa ṣáájú òyìnbó láti ilé dé ilé.

Òjò rọ̀ nígbẹ̀yìn. Ó gba gbogbo ibi tí òrùlé wa kò sí mọ́ wọlé sí wa lára, a sì jókòó sínú rẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín, Bàbá àgbà gbé kẹ́tùlù rẹ̀ síta, ó ń wò ó bó ti ń kún. Ilẹ̀ kò tíì tutù tán tí Hàwáù fi dé. Ó wo ẹsẹ̀ màálù, ó ti san. Ó gbé Àlàó sókè, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́ bí ẹni wọn ẹ̀lùbọ́, ó ní nǹkan kan sí Yèyé ní èdè rẹ̀, Yèyé náà fèsì ní tiwa. Màálù náà tẹ̀ lé e lọ láìwẹ̀yìn. Ìyá mi dúró lójú ọ̀nà títí wọ́n fi wọ igbó.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò tíì sí. Iṣu tí a yá èbù rẹ̀ gbìn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí ni, oṣù púpọ̀ ṣì wà níwájú. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí Hàwáù lọ, a jí, a kò rí Yèyé. Ó ti di aṣọ rẹ̀ méjèèjì, ó ti lọ. Bàbá àgbà rán èèyàn sí oko àti odò, nítorí kò mọ ibòmíràn tí ó lè lọ láyé. Ọjọ́ márùn-ún gbáko. Bàbá àgbà kò lè jẹun, ó ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá pé obìnrin náà kò mọ ọ̀nà ibì kankan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kárùn-ún ó yọ ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, ó fa okùn méjì. Abo màálù méjì ló wà ní ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ wọn. Aṣọ rẹ̀ kan kò sí mọ́, ó ní òun fi ta Hàwáù lọ́rẹ.

Bàbá àgbà ní, “Méjì?”

Yèyé ní, “Ọ̀kan ni tiwa. Èkejì ni ti Baálẹ̀.”

“Baálẹ̀ tó fẹ́ pa ti ìṣáájú?”

“Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bímọ kí n tó lọ. Mo gbọ́ pé ọmú rẹ̀ kò wá. Ṣé ọmọ ọjọ́ mẹ́wàá ló fẹ́ pa màálù ni?”

Kò jókòó. Ó mu omi, ó ní kí n bọ̀. A fa màálù kejì lọ sí ilé Baálẹ̀, gbogbo àdúgbò sì ń tẹ̀ lé wa. Baálẹ̀ jáde síta, ó rí wa, ó rò pé a wá fi òun ṣe ẹlẹ́yà. Yèyé fi okùn lé e lọ́wọ́. Ó ní wọ́n yá a ni, bí ọmọ bá ti lè jẹ iyán kí ó fà á padà fún Hàwáù, ṣùgbọ́n òun kò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀ àfi bí òun bá fi ojú ara òun rí i tí Baálẹ̀ fún wàrà rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, kì í ṣe ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀. Inú ilé ni a ti ń gbọ́ ọmọ ọwọ́ náà, ẹkún kékeré, bí ti ọmọ ológbò. Ìyá mi mọ ẹkún náà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

Baálẹ̀ bọ́ fìlà. Ó káwọ́ agbádá rẹ̀ sí èjìká, ó lóṣòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ sínú kànga, eékún rẹ̀ ń dún. Mo jẹ́ kí ọmọ màálù fà á, mo sì fà á kúrò. Wàrà tó kọ́kọ́ tú jáde lọ sí inú apá agbádá, èkejì lọ sí ojú rẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn wa, Baálẹ̀ sì gbójú sókè láti wá ẹni náà.

Yèyé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé igbá náà sún mọ́ ọn.

“Ẹ má wo ojú wa, Baálẹ̀,” ó ní. “Ẹ rọra fà á. Ọmọ ń sunkún.”

Baálẹ̀ nu ojú rẹ̀ nù. Ó sún mọ́ ìdí màálù sí i, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ikùn rẹ̀, ó sì tún un fà.